Reijo Wọn Ojú, Kò Wọn Orúnkún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Reijo Pelkonen jẹ́, ẹ bi í léèrè nípa ohunkóhun tó bá wà nínú ilé rẹ̀, yóò sọ iye ínǹṣì rẹ̀ fún yín. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn ní ìlú Thunder Bay, mi ò sì tíì rí i kó jáde láìsí téèpù ìwọnǹkan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ń tún ẹ̀rọ ṣe ní iléeṣẹ́ bébà tó wà létí adágún, títí iléeṣẹ́ náà fi kógbá wọlé tí wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa lọ. Finland ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Àwọn èèyàn yẹn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ti Reijo sì tún wá ju tiwọn lọ. Ẹ lè kí i ní òwúrọ̀ kí ó jẹ́ pé ọ̀sán ni yóò dá yín lóhùn.

Ìyàwó rẹ̀, Orysia, ló ń bá a sọ ti ẹnu rẹ̀. Ọmọ àwọn ará Ukraine ni, obìnrin ńlá, ẹlẹ́rìn-ín, tí kò lè rí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà kó má fún un lóúnjẹ. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé. Bí mo bá ti já wọn sílẹ̀ láàárọ̀, ó di aago méjì kí n tó tún níṣẹ́, ilé ìdáná Orysia sì ni mo ti ń lo àkókò yẹn. Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti tú ká. Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nílé?

Ohun tó mú Reijo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò ṣòro láti sọ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni òun àti Orysia fi ń lọ sí ilé sinimá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Òjò ni o, yìnyín ni o, wọn á lọ. Orysia sọ fún mi pé inú òkùnkùn yẹn nìkan ni Reijo ti máa ń di òun lọ́wọ́ mú láìkọ́kọ́ wo ọ̀tún wo òsì. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ìbàdí Orysia, orúnkún méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó dé ìdí àtẹ̀gùn ilé sinimá, ó gbójú sókè wò ó, ó yí padà. Nínú ọkọ̀ ló ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé, "Ó parí nìyẹn, Reijo. Mo ti wo tèmi." Reijo wa ọkọ̀ lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọn ògiri.

Ní ìlú yìí, abẹ́ ilé ni ọkùnrin ti ń ṣe ohun tó bá wù ú. Òkè jẹ́ ti ìyàwó. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú òfin, ṣùgbọ́n ẹ wo gbogbo ilé àdúgbò wa. Ọkùnrin kan wà lójú títì kejì tó ti ń kan ọkọ̀ ojú omi nísàlẹ̀ ilé rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, a ò sì mọ ibi tó máa gbé e gbà jáde. Nítorí náà, nígbà tí Reijo ní òun fẹ́ kọ́ ilé sinimá fún ìyàwó òun, kò sẹ́ni tó bi í pé níbo. Èmi náà ò bi í. Ìyẹn ni mo fi ń bá ara mi wí títí dòní.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé àga kan sí àárín ilé ìdáná, ó pe Orysia.

"Jókòó bí ìgbà tó o bá ń wo sinimá."

"Báwo ni mo ṣe ń jókòó tí mo bá ń wo sinimá?"

"O máa ń rọ̀ sí ọ̀dọ̀ mi."

Orysia rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Reijo na téèpù láti ilẹ̀ dé ìpéǹpéjú rẹ̀, ó kọ iye rẹ̀ sára pákó kan.

"Wúrà, ṣé o rí nǹkan? Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú mi dáadáa."

"Má mira," ni Reijo wí.

Ó ní ibi tí ojú Orysia bá dé ni àárín aṣọ funfun tí àwòrán yóò máa hàn lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kí ọrùn má baà máa dùn ún. Gbogbo yàrá náà, orí ojú obìnrin kan ló fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi, ẹni ire, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò mọ ìwọ̀n bàtà mi.

Ó tún ṣe òfin kan. Orysia ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ títí iṣẹ́ fi máa parí. Àwọn èèyàn ibí fẹ́ràn kí wọ́n bo nǹkan mọ́lẹ̀, kí wọ́n wá ṣí i síni lójú lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni tí wọ́n ṣe é fún sì fọwọ́ bo ẹnu. Kí òfin náà baà lè dúró, Reijo gbé ẹ̀rọ ìfọṣọ tó wà lábẹ́ ilé gòkè wá sí ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó fa omi sí i, ó fa iná sí i. Orysia dúpẹ́ títí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tó tún ń mú obìnrin náà gba orí àtẹ̀gùn, kò sì sí ẹni tó tún rí i níbẹ̀.

Èmi ni mo di ọmọṣẹ́. Èmi ni mo ń di ẹ̀gbẹ́ kejì pákó mú bí Reijo bá ń kàn án. Ó fẹ́ kí yàrá náà jẹ́ yàrá nínú yàrá: ògiri tuntun kò gbọdọ̀ fara kan ògiri àtijọ́, kí ohùn má baà rí ibi gbà jáde. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì, ó fi òwú kún un. Orí òwú yẹn, pákó pẹlẹbẹ kan, lórí ìyẹn àtè kan tó ń fà bí ọ̀dà, lórí ìyẹn pákó mìíràn. Ilẹ̀kùn tó kàn sí ìdí àtẹ̀gùn nípọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, títí kan òkè àjà, mo sì fi oṣù kan gbáko ní ọ̀dà dúdú léèékánná. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì ń bi mí bóyá mo ń tún ọkọ̀ ṣe.

Nínú oṣù Kejì, Reijo lọ ra òwú kún èyí tó wà nílẹ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé bí ìṣe mi, mi ò bá Orysia ní ilé ìdáná. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀. Orí àtẹ̀gùn ni mo ti bá a, ní ìpele kẹta, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin mú, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn.

"Má pariwo," ló wí, bí ẹni pé ẹnì kan wà nílé. "Fún mi ní èjìká rẹ."

Mo gbé e gòkè padà. Òógùn ti bò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ń gbọ̀n. Mo fi omi fún un.

"Láti ìgbà wo, Orysia?"

"Láti ìgbà Kérésì. Mo kàn fẹ́ yọjú wo ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Mo rò pé tí n bá rọra ṣe é..."

"Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un."

"Mi ò ní sọ. Ìwọ náà ò sì ní sọ."

"Ilé sinimá tó ń kọ́ fún yín, ìsàlẹ̀ ló wà o."

"Mo mọ ibi tó wà, ṣé èmi kọ́ ni mo nilé ni?" Ó fi aṣọ ìnuwọ́ nu ojú rẹ̀. "Wúrà, o rí Reijo nígbà tí iléeṣẹ́ wọn kógbá wọlé. Oṣù mẹ́jọ ló fi jókòó sídìí fèrèsé yìí, tó ń wo títì. Tí n bá sọ̀rọ̀ sí i, á ní 'ẹ̀n.' 'Ẹ̀n' yẹn nìkan ni mo gbọ́ fún oṣù mẹ́jọ. Ní báyìí, ó ń súfèé nísàlẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ látibí. Tí n bá sọ fún un, á gbé òòlù sílẹ̀, kò sì ní gbé e mọ́."

"Tó bá wá parí ńkọ́?"

"Tó bá parí, màá sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo pa ẹnu mi mọ́. Mi ò sọ pé mo ṣe dáadáa o. Inú mi ò dùn sí i nígbà náà, kò sì dùn sí i báyìí. Lójoojúmọ́ ni mo ń di pákó mú fún ọkùnrin yìí, tí mo mọ̀ pé ohun tí à ń kọ́ kò ní wúlò fún ẹni tí à ń kọ́ ọ fún. Mo gbìyànjú láti fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Reijo, àtẹ̀gùn yín yìí ga o."

"Ínǹṣì mẹ́jọ."

"Ìkọ̀ọ̀kan?"

"Ìkọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlá ni wọ́n."

"Ó tún lọ́."

"Ní ìpele kẹsàn-án. Àwọn tó kọ́ ilé yìí ò gbọ́n."

Ó tún tẹrí ba mọ́ pákó rẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí n tún wí? Ọkùnrin tó mọ ìpele tí àtẹ̀gùn ti lọ́, tí kò mọ̀ pé ìyàwó òun ò lè gùn ún.

Èyí tó wá dùn mí jù ni àga. Kò ra àga. Ó kàn wọ́n fúnra rẹ̀, mẹ́jọ, ní ìlà méjì, ó fi fóòmù àti aṣọ pupa wé wọn. Nígbà tó kan ti Orysia, ó gbé ìjókòó rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ. Mo bi í pé èwo ni èyí. Ó ní kó lè rọrùn fún un láti dìde ni. Mo ní mo fẹ́ lọ mu omi, mo sì lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì mi fún ìgbà díẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó parí ògiri. Ó ní kí èmi àti Orysia dúró sí ilé ìdáná, kí òun lọ ti ilẹ̀kùn mọ́ra òun nísàlẹ̀, kí òun sì fi gbogbo agbára òun kígbe. A dúró. A ò gbọ́ nǹkan kan. Fíríìjì nìkan ló ń kùn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, Reijo gòkè wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń mí.

"Kí ni mo wí?"

"Ṣé o wí nǹkan ni?" ni Orysia bi í. "Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo ti ń gbàdúrà fún irú èyí."

Reijo rẹ́rìn-ín, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Orysia ń fọ ife. Ó fọ ọ̀kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́.

"Mi ò tún ní gbọ́ tó bá ń súfèé," ló sọ fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kọkànlá ni iṣẹ́ parí, oṣù mẹ́rìnlá lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀. Reijo fá irùngbọ̀n, ó wọ kóòtù tó wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ obìnrin. Orysia wọ kaba aláwọ̀ ojú ọ̀run kan tó ti fún un díẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Reijo fi ìborùn dì í lójú, ó fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilé. Orysia na ọwọ́, ó fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn, ó dúró.

"Ìwọ máa lọ níwájú, Reijo. Dúró dè mí nísàlẹ̀."

"Màá dì ọ́ mú."

"Wúrà á dì mí mú. O ti ní kí n má wò, ìwọ náà má wò mí. Kọjú sí ògiri."

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó kọjú sí ògiri pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń jẹ níyà. Orysia di èjìká mi mú, ó rọra jókòó sórí ìpele àkọ́kọ́, pẹ̀lú kaba dáadáa lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdí sọ̀ kalẹ̀. Gbì. Ó sinmi. Gbì. Èmi ń lọ níwájú rẹ̀, mo ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ fún un. Ìborùn ṣì wà lójú rẹ̀, kò tú u.

"Kí ni mò ń gbọ́ yẹn?" ni Reijo bi ògiri.

"Ọjọ́ ogbó ni. Má yíjú."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlá ló ró gbì. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, mo gbé e dìde, mo gbọn kaba rẹ̀ nù, ó ní kí Reijo wá. Reijo ṣí ilẹ̀kùn, ó tú ìborùn. Mo ti mọ gbogbo igun yàrá náà, ọwọ́ mi wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tó tan àwọn iná kéékèèké tó fi há òkè àjà dúdú yẹn, mo gbójú sókè bí ẹni tí kò rí i rí. Orysia fọwọ́ bo ẹnu, kì í ṣe pé ó fi tẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n jókòó. Reijo tan ẹ̀rọ, àwòrán kún ògiri láti igun dé igun, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti iwájú àti láti ẹ̀yìn wa. Mo jókòó sí ìlà ẹ̀yìn. Mi ò lè sọ ohun tí sinimá náà dá lé lórí. Ọwọ́ wọn ni mò ń wò.

Nígbà tó parí tí iná tàn, Orysia gbìyànjú láti dìde. Àga gíga yẹn ràn án lọ́wọ́, ó dìde lóòótọ́. Ìdí àtẹ̀gùn ló ti bàjẹ́. Orúnkún méjèèjì ti wú bí búrẹ́dì inú ààrò. Èèyàn lè fi ìdí sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n gígùn pẹ̀lú ìdí, iṣẹ́ apá ni, apá rẹ̀ ò sì lè gbé ara rẹ̀. Reijo fà á níwájú, èmi tì í lẹ́yìn. Ní ìdajì wákàtí, a ò ju ìpele kejì lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní ó tó. Mo pe panápaná; àwọn ló máa ń wá gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí.

Géńdé mẹ́rin ni wọ́n rán wá. Wọ́n dè é mọ́ àga kan, wọ́n gbé e. Ibi tí àtẹ̀gùn ti lọ́ yẹn, ọ̀kan nínú wọn fi orí gbá igi àjà.

"Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi," ni Orysia wí láti orí àga. "Èwo ni ọmọ Halina nínú yín? Imú yẹn, imú Halina ni. Ìyá ẹ ńkọ́?"

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìdáná, ó ní wọn ò gbọdọ̀ lọ láìjẹun, ó sì ní kí n bu ẹran tó fi ewé kábéèjì wé fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ lóòró. Gbogbo ìgbà yẹn, Reijo dúró sí ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilé, sálúbàtà Orysia kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó bọ́ sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró síbẹ̀ títí ọkọ̀ wọn fi lọ.

"Láti ìgbà wo?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Láti Kérésì tó kọjá."

Ó yíjú sí mi. "O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó wo sálúbàtà ọwọ́ rẹ̀.

"Mo wọn ojú ẹ," ló sọ fún Orysia. "Mi ò wọn orúnkún ẹ."

Orysia bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ó ní kó má sọ bẹ́ẹ̀, ó ní yàrá náà dára, ó ní bí òun ò bá tiẹ̀ dé ibẹ̀ mọ́ láéláé, òun ti rí i. Reijo gbé sálúbàtà náà sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí fèrèsé. Ibẹ̀ ló jókòó sí ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú, àti ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ wà lójú títì. Ohun tí Orysia ń bẹ̀rù láti ọdún tó kọjá ti dé. Ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Calgary ní kí wọ́n wá ẹ̀rọ tó máa ń gbé àga gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń tà á wá, ó wo ibi tó lọ́, ó wo bí ọ̀nà náà ṣe tín-ín-rín tó, ó mi orí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Reijo ò tiẹ̀ dìde.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo já àwọn ọmọ sílẹ̀, mo dé, mo sì gbọ́ ariwo pákó tó ń ya kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wọn. Mo sáré wọlé. Orysia dúró lókè àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó ń kígbe sísàlẹ̀.

"Fi í sílẹ̀! Reijo! Má bà á jẹ́, mo bẹ̀ ẹ́!" Ó rí mi. "Ó ti ń tú u láti aago mẹ́fà. Kò dá mi lóhùn. Wúrà, bá mi sọ̀rọ̀ sí i."

Kí n tó dáhùn, Reijo ń gòkè bọ̀, àga pupa gíga yẹn wà léjìká rẹ̀. Ó gba àárín wa kọjá, ó gba ilé ìdáná kọjá, ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí.

"Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?" ni Orysia bi í.

"Ibí."

"Pálọ̀ mi? O ò ní gbé e wọ ibẹ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí pálọ̀ yẹn ṣe rí. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ẹ̀ẹ̀méjì ni mo jókòó nínú rẹ̀, ìgbà tí ọkọ mi kú àti ìgbà tí ìyá Orysia kú. Kápẹ́ẹ̀tì funfun, ọ̀rá lórí àga, àpótí onígíláàsì tó kún fún àwọn àwo tí ìyá rẹ̀ gbé kọjá òkun nínú kóríko gbígbẹ. Orysia ń nu pálọ̀ náà ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, á sì ti ilẹ̀kùn. Reijo fúnra rẹ̀ kì í wọ ibẹ̀ láìbọ́ bàtà. Lónìí, bàtà iṣẹ́ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, eruku funfun wà lára rẹ̀ dé orí, ó sì dúró láàárín kápẹ́ẹ̀tì.

"Gbé e jáde, Reijo."

"Rárá."

"Pálọ̀ àlejò ni."

"Àlejò wo?"

"Àwọn àlejò. Àwọn èèyàn."

"Dá orúkọ wọn."

"Kí lo fẹ́ fi orúkọ ṣe? Fàdá..."

"Fàdá ti kú."

"Àwọn ọmọ."

"Ilé ìdáná ni wọ́n ń jókòó sí." Ó sọ àga náà kalẹ̀. "Orysia, ta ni yàrá yìí ń dúró dè?"

Obìnrin náà ya ẹnu. Ó wo àpótí onígíláàsì, ó wo àwọn àga olọ́rá, mo sì rí i pé ó ń wá ẹnì kan nínú ọkàn rẹ̀ tó máa dárúkọ. Kò rí. Ó rọra fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀ wọlé, ó dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì, bí ẹni tó wá ṣe àlejò sílé ara rẹ̀.

"Wúrà ni yóò kó àwọn àwo ìyá mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ má fọwọ́ kàn wọ́n. Òòlù ti mọ́ ọ lọ́wọ́ jù."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kó wọn. Mo ń fi ìwé ìròyìn wé àwo ní ìkọ̀ọ̀kan, Orysia ń sọ ìtàn ìkọ̀ọ̀kan. Reijo ń ká kápẹ́ẹ̀tì, ó ń tú ọ̀rá, ó ń gbé àwọn àga olọ́rá lọ fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú àwọn àga mẹ́jọ tó kàn, méjì péré ni yàrá náà gbà, ti Orysia àti tirẹ̀. Ògiri ọ̀hún kò ní òwú, kò nípọn. Mo mọ̀ pé gbogbo sinimá tí wọ́n bá wò ni yóò máa bá mi nínú ilé ìdáná mi, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n máa wo èyí tó dáa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Reijo kan àga méjèèjì mọ́lẹ̀. Ògiri iwájú wọn ṣì wà lásán, ó funfun, àmì ibi tí àpótí onígíláàsì ti fara tì í ṣì wà níbẹ̀. Orysia wọlé, ó jókòó sí tirẹ̀ láti dán an wò. Reijo nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó yí padà láti lọ gbé aṣọ funfun gòkè wá.

"Reijo, jókòó."

"Jẹ́ kí n gbé..."

"Mo ní kó o jókòó."

"Kò tíì sí nǹkan kan lára ògiri."

"Mo rí i. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi jẹ oúnjẹ alẹ́ lémi nìkan, tí ìwọ wà nísàlẹ̀, tò ń kọ́ ibi tá a ti máa jókòó pọ̀." Ó fọwọ́ lu àga kejì. "Jókòó."

Reijo jókòó. Àwọn méjèèjì kọjú sí ògiri lásán yẹn. Àwo kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi tí mi ò tíì wé. Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́, mo gba ẹ̀yìn jáde lọ sílé mi.